Wọ́n Ní Ṣúgà Rẹ̀ Ni

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bok-nim ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe kimchi ọdún náà, kábéèjì aláta tí àwọn ará Kòríà máa ń tọ́jú de ìgbà òtútù. Oòrùn kò tíì yọ. Ó lóṣòó ti ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà ní àgbàlá, ó ń ṣan iyọ̀ kúrò lára kábéèjì tí wọ́n ti rẹ sínú omi iyọ̀ láti àná, ọgọ́fà odindi, tí wọ́n là sí méjì méjì. Òtútù oṣù kọkànlá ń gé ènìyàn ní ìka, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lọ́rùn obìnrin yìí bí ẹni tó dúró ti iná. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó tún yọ. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ etí òsì, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ẹ̀yìn, ó wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ó gbé òkúta pọ̀n.

Yeon-sil, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Gwangju, ti wálé láti ìrọ̀lẹ́ àná kó lè ràn án lọ́wọ́. Ó jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ó rí ìyá rẹ̀ tó fi orí ti ògiri.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí?"

"Kò sí nǹkan. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ẹ ti yẹ ṣúgà yín wò?"

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi kí Bok-nim nílé náà nìyẹn. Ẹlòmíràn jí, wọ́n á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Tirẹ̀, ṣúgà ni. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka, ẹ̀rọ kékeré náà sì kọ igba ó lé mọ́kànléláàádọ́rin. Yeon-sil wo ẹ̀rọ, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wọ ilé ìdáná lọ. Ìgbà tó máa padà jáde, èèpo èso gam ló dì mọ́wọ́, èso pupa tó rọ̀, tó dùn bí oyin, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún un lórí rẹ̀ títí ẹnu fi bó.

"Mo mọ̀! Mo ti mọ̀! Mélòó lẹ jẹ?"

"Ẹyọ kan."

"Èèpo mẹ́ta ni mo kà, màámi."

"Wọ́n ti rọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n má bàjẹ́ ni."

"Kí wọ́n má bàjẹ́! Ara yín gan-an ló ń bàjẹ́. Ṣé ike ìdọ̀tí ni ẹ̀yin ni, tí gbogbo ohun tó bá fẹ́ bàjẹ́ fi gbọ́dọ̀ wọ inú yín?"

Bok-nim dìde. Ó mu oògùn ṣúgà rẹ̀, ó tún padà sídìí kábéèjì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wí ní àgbàlá ara rẹ̀, tí ọmọ náà sì jàre, kí ló kù tó lè sọ? Kò dárúkọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rárá.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, àwọn ará àdúgbò ti dé. Ìyá Wol-sun, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin abúlé Dolgol, jókòó sórí àpótí kékeré tó gbé wá láti ilé rẹ̀. Ìyá Jun-pyo, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, jókòó sí òdìkejì. Wọ́n ti po ata gígún mọ́ edé oníyọ̀ àti aáyù nínú ike ńlá, gbogbo àgbàlá ń ta ṣánṣán. Gil-man, ọkọ Bok-nim, ń gbé kábéèjì tó ti gbẹ wá síwájú wọn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Wọ́n máa ń sọ lábúlé pé bí Gil-man bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́, òjò á rọ̀.

Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ká fi ata ra kábéèjì láàárín ewé sí ewé, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó ti Bok-nim. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ewé mẹ́ta ló rà nígbà tí Ìyá Jun-pyo ti parí odindi kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń fi ata ra ewé yẹn ni, àbí ẹ̀ ń kà á bí ìwé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn mí," ni Bok-nim wí. "Ó ń fà mọ́ mi lẹ́yìn."

"Eyín ni," Ìyá Wol-sun dá a lóhùn.

"Eyín wo, màmá? Eyín apá ibẹ̀ ti kúrò lẹ́nu mi láti ọdún mẹ́ta."

Yeon-sil kò gbé ojú sókè. "Ẹ má dá wọn lóhùn. Gam mẹ́ta ni wọ́n jẹ lánàá."

"Háà!" Ìyá Jun-pyo lu itan pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó kún fún ata. "Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n ń jẹ́jọ́ ẹnu wọn ni!"

Ẹ̀rín bú sí àgbàlá. Bok-nim pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tó fi dìde, tó di ògiri mú, tó rìn lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń bì.

Gil-man sọ kábéèjì tó gbé sílẹ̀. "Ọgbẹ́ inú rẹ̀ ti tún dé," ni ó wí. Nínú oṣù kẹrin ọdún yẹn, Bok-nim ti bi ẹ̀jẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì lò ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ yẹn kò tíì kúrò lára ọkọ rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó wo ilẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ̀ bì sí, ó wò ó títí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀. Síbẹ̀, ó lọ tan ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

"Wọlé ká lọ rí dókítà."

"Kábéèjì ńkọ́? Àwọn ènìyàn jókòó."

"Wọlé, Ìyá Tae-seop," ọkọ rẹ̀ fi orúkọ ọmọ wọn ọkùnrin pè é.

Ìlú kékeré tí ilé ìtọ́jú náà wà kò jìnnà. Ibẹ̀ kún fún àwọn arúgbó tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù. Dókítà náà ti ń tọ́jú Bok-nim láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń béèrè wọn. Ó ṣí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé náà gùn. Ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín tí agbára rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ mọ́, ọgbẹ́ inú. Ojú kọ̀ǹpútà ló ń wò bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣé àyà ń dùn yín, màmá?"

"Rárá, dókítà. Àyà kọ́. Ẹ̀yìn ni, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sì rẹ̀ mí bí ẹni pé wọ́n tú mi palẹ̀."

"Ó yẹ kó rẹ̀ yín. Ṣúgà yín ga, ẹ ti lóṣòó ti omi tútù láti ìdájí, ẹ̀ ń ṣe kimchi fún ilé mẹ́ta. Ọmọ ogún ọdún gan-an, á rẹ̀ ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, Bok-nim náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé dókítà ló rẹ́rìn-ín. "Òógùn yẹn, ṣúgà ni. Èébì, inú yín ni. Ẹ jẹ́ ká fún yín ní abẹ́rẹ́ inú, ká sì fa omi díẹ̀ sí yín lára. Kì í ṣe púpọ̀, nítorí kíndìnrín."

Ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn wà ní igun yàrá náà. Wọ́n to páálí àjẹsára sórí rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ti pẹ́ nínú àìsàn. Àìsàn tuntun wọlé, kò rí ibi jókòó, àwọn ti àtijọ́ ti gba gbogbo àga. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ohùn ṣúgà ni. Bí ó bá kanlẹ̀kùn, wọ́n á ní ọgbẹ́ inú ló ń bọ̀.

Wọ́n padà délé láìpẹ́ lẹ́yìn aago méjìlá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ ti jinná, Yeon-sil ti gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi ewé kábéèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ata pa wé e, wọ́n ń jù ú sẹ́nu. Oúnjẹ tí ènìyàn máa ń tìtorí rẹ̀ wá bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ nìyẹn.

"Kí ni dókítà wí?" Ìyá Wol-sun béèrè.

"Ó ní ṣúgà ni, àti inú," Gil-man fèsì.

"A ò ti sọ bẹ́ẹ̀? Dókítà kan gba owó lásán ni."

Ìyá Jun-pyo wé ẹran kan, ó nà án sí ẹnu Bok-nim. Bok-nim yí orí. Ó jókòó sí ẹnu ìlẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí búrẹ́dì. Ó ń mí kúkúrú kúkúrú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé.

"Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn," Ìyá Jun-pyo sọ fún Yeon-sil ní ohùn jẹ́jẹ́. "Kíndìnrín nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àbúrò wọn kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀."

Oúnjẹ tán, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Odindi bí ogójì ló ṣì kù. Bok-nim kò padà. Ó pe ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ìlẹ̀kùn níbi tó jókòó sí.

"Yeon-sil."

"Màámi."

"Wá ná."

Yeon-sil dìde, ata dé ìgúnpá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Ohun tó ń ṣe mí yìí, n ò mọ̀ ọ́n rí. Mo mọ ìwà ṣúgà mi. Mo mọ bí inú mi ṣe máa ń dùn mí. Èyí kò jọ ọ̀kankan nínú wọn."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ dókítà dé ni, màámi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká parí èyí tó kù yìí ná. Bó bá di ọ̀la, tí kò bá lọ, n ó gbé yín lọ sí Gwangju fúnra mi."

Bok-nim mi orí. Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná yàrá. Yeon-sil padà sídìí ike ata. Ó máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, láìmọye ìgbà, pé bí àwọn èèyàn kò bá jókòó ni, pé bí kábéèjì kò bá kù ni. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ti sọ ibi tó ti ń ta á. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò sí nínú bàtà ní kó rọra máa rìn.

Ní aago méjì kọjá, Gil-man wọlé lọ mu omi. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ètè obìnrin náà ti di dúdú bí èédú. Ariwo tí Gil-man pa lọ́jọ́ náà, àwọn ará àdúgbò kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ogójì ọdún.

Inú ọkọ̀ pàjáwìrì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lẹ okùn ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ àyà Bok-nim. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ wo ìwé tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ lu ògiri awakọ̀, ó ní kó yára. Wákàtí kan gbáko ni sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú etíkun.

Dókítà Seol ló gbà wọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí oorun ti pa ojú rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ìkọlù ọkàn ni. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan tó ń bọ́ ọkàn wọn ti dí. Láti ìgbà wo ni?"

"Àyà ò dùn wọ́n," Yeon-sil wí. "Dókítà bi wọ́n. Wọ́n ní àyà ò dùn wọ́n."

"Àyà lè má dùn wọ́n. Ṣúgà tó bá ti pẹ́ lára máa ń pa iṣan tó ń ròyìn ìrora. Ọkàn wọn ń ké, ohùn rẹ̀ ni kò jáde. Ṣé ẹ̀yìn ò dùn wọ́n? Apá? Ẹ̀rẹ̀kẹ́?"

Yeon-sil wo ata tó gbẹ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"A lè ti okùn tín-ín-rín gba ọwọ́ wọn lọ sí ọkàn, ká ṣí ibi tó dí," ni Dókítà Seol wí.

"Ẹ ṣe é," Gil-man wí.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá Dókítà Seol ti dé, ó ń ka ìwé ìtọ́jú tí ó gùn náà, ó sì ń mi orí. Wọ́n gbọ́dọ̀ da oògùn aláwọ̀ kan sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀nà ọkàn tó lè hàn lójú ẹ̀rọ, oògùn náà sì lè pa ìyókù kíndìnrín rẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá sì ṣí ọ̀nà náà tán, ó gbọ́dọ̀ máa mu oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọgbẹ́ inú tó ṣẹ̀jẹ̀ lóṣù kẹrin sì lè tún ṣí. Ó ní kí wọ́n fi oògùn dá a dúró ná, kí wọ́n bá dókítà kíndìnrín sọ̀rọ̀. Dókítà kíndìnrín wà lọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Wọ́n ní kí wọ́n dúró.

Wọ́n dúró. Tae-seop, ọmọ wọn ọkùnrin tó ń jó irin ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ulsan, pè lórí fóònù.

"Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan títí n ó fi dé!"

"Wákàtí márùn-ún lo máa fi dé," Yeon-sil wí.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ láti àná! Kí lo ń wò?"

"Kábéèjì ni mo ń wò! Kábéèjì tí ìyàwó rẹ máa jẹ títí ọdún á fi yípo, tí kò wá bá wa rẹ sínú omi iyọ̀!"

Gil-man gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i," ni ó wí.

"Bàbá, tí kíndìnrín wọn bá kú ńkọ́? Ẹ gbàgbé àbúrò wọn? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, orí rẹ̀ náà ló kú sí. Màámi sọ ọ́ létí gbogbo wa: wọn ò fẹ́ ẹ̀rọ yẹn láéláé."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀," Gil-man gbà.

Aago ń lọ. Àwọn dókítà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bi wọ́n lọ́la pé ta ló pa kíndìnrín. Ọmọ kò fẹ́ da ọ̀rọ̀ ìyá. Ọkọ kò fẹ́ bá ọmọ jà. Bí ogójì ìṣẹ́jú kọjá báyìí. Gbogbo àkókò náà, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ títa kan ṣoṣo.

Dókítà Seol ló ṣí aṣọ náà. Ó tẹ̀ sí etí Bok-nim, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, títí kan ẹ̀rọ. Bok-nim la ojú. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ kú?"

"Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀rọ..."

"Ìgbà tí ara mi le ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó mí, ó tún mí. "Ẹ gbé mi sórí ẹ̀rọ. Ẹ gbé mi sórí ohun tó bá wù yín. Mo fẹ́ wà láyé."

Gil-man kọjú sí ọ̀gá dókítà. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọ̀gá, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Níbo ni kí n fọwọ́ sí?"

Ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ti ibùsùn Bok-nim lọ. Yeon-sil sáré tẹ̀lé ibùsùn náà títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn tí wọn kì í jẹ́ kí ará ìta kọjá, ó ń pè é, ó ń sọ pé kó má bínú. Bok-nim gbé ìka méjì sókè lórí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Wọ́n ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà. Ohun tí Dókítà Seol kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó jáde, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ṣí i, ẹ̀jẹ̀ sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹran ọkàn tí ebi ti pa láti ìdájí ti kú. Ẹ̀jẹ̀ dé bá òkú ni. Ọkàn náà lù díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, wọ́n tẹ àyà rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi í sílẹ̀.

Yeon-sil wó lulẹ̀ níbẹ̀. Ó ń ké pe ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tó ní ata nu ojú, ojú náà wú, kò yéé fi nù ún. Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀. Tae-seop ni, ó ṣì wà lójú ọ̀nà.

Gil-man kò sunkún. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan mú un jókòó sí ọ̀fíìsì kékeré kan, ó bu omi gbígbóná fún un, ó wá mú ìwé kan jáde tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó lè gbé òkú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ìbéèrè náà kò pọ̀.

"Ṣúgà wọn, bàbá, láti ìgbà wo?"

"Ọdún mọ́kànlélógún. Oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀."

"Kíndìnrín?"

"Á pé ọdún mẹ́fà tí ọdún bá yí."

"Ọgbẹ́ inú?"

"Oṣù kẹrin, ọdún yìí. Ọjọ́ kẹsàn-án."

Nọ́ọ̀sì náà wò ó. Kò pọ̀ nínú àwọn ọkọ tó máa ń mọ̀ ọ́n báyìí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó wá fi bírò kan ìlà tó kẹ́yìn.

"Ọkàn wọn ńkọ́? Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n?"

Gil-man gbé ife, ó tún gbé e kalẹ̀. Omi tó wà níwájú rẹ̀ ti tutù.

"Láàárọ̀ yìí," ni ó wí. "Gbogbo wa ló sọ fún."